Owú Maxine Thackray Lórí Ẹ̀kọ́ Ọmọ Rẹ̀

Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ẹni tó pa òwe yẹn kò tíì rí Maxine Thackray. Obìnrin náà sanra dáadáa, apá rẹ̀ tó itan mi, ó sì jowú ju ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀ ní Halifax nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ọdún mẹ́rìnlá la fi jọ ṣiṣẹ́ nínú ilé ìdáná ilé ìwé tó wà lórí òkè, èmi Brenda nídìí ààrò, òun nídìí àwo. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè wá sọ fún mi nípa rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí mo máa bú u kí n tó parí ọ̀rọ̀ yìí.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Tegan. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Tegan nígbà tí baba rẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ lọ bá obìnrin kan ní Hull. Láti ìgbà náà ni Maxine ti ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó ń bá wa se oúnjẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́sàn-án, ó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ní ìrọ̀lẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ti kúrò nílé ìwé lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún, kò sì sí ẹnì kankan nínú ìdílé wọn tó wọ síkísì fọ́ọ̀mù rí, ìyẹn ọdún méjì tí àwọn ọmọ fi ń múra sílẹ̀ fún yunifásítì. Nígbà tí Tegan wá wọ̀ ọ́, etí wa kò gbádùn mọ́. Bí ọmọ kan bá gbé àwo wá gba ọ̀dùnkún, Maxine á ní, "Báyọ́lọ́jì, kẹ́mísírì, ìṣirò! Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọmọ mi ń ṣe o!" Á sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka oúnjẹ ọjọ́ náà.

"Kí tiẹ̀ ni báyọ́lọ́jì náà?" Mo bi í lọ́jọ́ kan.

"Ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ ni."

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi ọ̀pọ̀lọ́ ṣe?"

"Brenda, bó bá ṣe pé mo mọ̀ ni, ṣé ibí ni mo máa wà tí mo ń fọ abọ́ kọ́sítáàdì?"

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Kò mọ̀. Bí Tegan bá ṣí ìwé sórí tábìlì, Maxine á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni tó ń gba iwájú ilé olówó kọjá. Á gbé tíì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, á wá wọ kóòtù rẹ̀, ó di ọ́fíìsì.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún kejì, ilé ìwé pe àwọn òbí síkísì fọ́ọ̀mù sí gbọ̀ngàn. Wọ́n fẹ́ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè ran ọmọ wọn lọ́wọ́ kí ìdánwò tó dé. Àwa méjèèjì ni wọ́n ní kí a wá fún wọn ní tíì àti bísíkíìtì. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí: Maxine tó jẹ́ òbí dúró sẹ́yìn tábìlì pẹ̀lú épúrọ́ọ̀nù láyà, gbogbo òbí yòókù sì jókòó pẹ̀lú bébà lọ́wọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Ramsden ló dìde sọ̀rọ̀, òun ni olórí síkísì fọ́ọ̀mù. Ó ní, "Kò pọn dandan kí ẹ mọ báyọ́lọ́jì. Ẹ ṣáà jókòó tì wọ́n. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi yín ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra ìwé fún wọn—" Bó ṣe débẹ̀ ni ìkòkò tíì oníná ńlá wa hó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bí ẹni tí wọ́n ń fún lọ́rùn. Èmi ń lu bọ́tìnnì rẹ̀, Maxine ń fa wáyà. Nígbà tí a fi rí i pa, Ramsden ti ń ṣí ojú ewé mìíràn. Ohun tó sọ nípa ìwé kò dé etí wa.

Lẹ́yìn náà ló ní kí ìyá kan dìde sọ bí òun ṣe ń ṣe é nílé tòun. Hilary Greenwood lorúkọ obìnrin náà. Dókítà ẹranko ni ọkọ rẹ̀, òun náà ka báyọ́lọ́jì ní yunifásítì kó tó bímọ. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé gbogbo gbọ̀ngàn ní láti dákẹ́ kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Ó ṣàlàyé bí òun ṣe ń kọ ìbéèrè sí iwájú káàdì kéékèèké, ìdáhùn á wà lẹ́yìn, òun á sì máa fi dán àwọn ọmọ wò. Imogen, ọmọ rẹ̀, jókòó ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ta ló jókòó ní ọwọ́ òsì? Tegan wa ni. Bí obìnrin yẹn ṣe ń sọ̀rọ̀, ó gbé ọwọ́ lé Tegan léjìká.

Maxine ń bu tíì fún ọkùnrin kan lọ́wọ́. Tíì kún ife, ó kún àwo abẹ́ ife, ó dé ọwọ́ ọkùnrin náà.

"Ta ló ní kó gbé ọwọ́ lé ọmọ mi léjìká?" Ó sọ ọ́ sí mi létí.

"Ọwọ́ lásán ni, Maxine."

"Èmi ni mo bí èjìká yẹn."

Nígbà tí ìpàdé parí, Hilary Greenwood wá sí ìdí tábìlì wa, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ni ìyá Tegan! Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ rí ọ. Àwa ń gbádùn rẹ̀ nílé wa gan-an ni. Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, kì í yẹ̀."

Ohun tí Maxine mọ̀ ni pé ilé ìkàwé ni Tegan máa ń jókòó sí ní àwọn ìrọ̀lẹ́ wọ̀nyẹn. Ojú rẹ̀ kò yí padà. Ó gbé ṣíbí. "Ṣúgà mélòó lẹ ń mu, Ìyáàfin Greenwood?"

"Jọ̀ọ́, máa pè mí ní Hilary. Mi ò kì í mu ṣúgà."

"Mo mọ̀," ni Maxine wí.

Láti ọjọ́ náà ni owú ti wọ̀ ọ́ lára. Kò bá Tegan jà o. Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn. Inú ilé ìdáná ló ń bá mi jà. Tegan ti ń sọ pé Hilary ní kí á máa tètè sùn. Hilary ní kí á má máa gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Hilary ní ẹ̀pà dára fún ọpọlọ. "Ẹ̀pà!" ni Maxine á pariwo, á fi ìbínú gún ọ̀dùnkún títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọbẹ̀. "Mo ti fi ẹ̀wà inú agolo àti búrẹ́dì bọ́ ọmọ yẹn fún ọdún mẹ́tàdínlógún, ọpọlọ rẹ̀ kò ṣàìsàn. Obìnrin kan wá gbé ẹ̀pà fún un, ó ti di olùgbàlà!" Ó ní òórùn ọṣẹ ilé yẹn ń bọ̀ lára aṣọ ọmọ òun. Ó ní Tegan ti ń rẹ́rìn-ín bíi tiwọn, wẹ́rẹ́ báyìí, láìla ẹnu.

Ní ọjọ́ kan nínú oṣù Kọkànlá, a kúrò níbi iṣẹ́, ó ní ká gba ọ̀nà ọgbà ìtura. Ọ̀nà yẹn kò gba ilé ẹnikẹ́ni nínú wa. Mo mọ ibi tó ń lọ, mo tẹ̀ lé e. Ìmọ́lẹ̀ wà nínú ilé Greenwood, wọn kò fa kọ́tìnnì. Orí mẹ́ta ló tẹ̀ sórí tábìlì kan, Tegan sì ń fi ọwọ́ ṣàlàyé nǹkan kan fún wọn, ó ń sọ̀rọ̀ ṣáá. Maxine dúró síbẹ̀ nínú òjò wínníwínní.

"Wò ó bó ṣe ń sọ̀rọ̀," ni ó wí. "Bó bá délé, 'bẹ́ẹ̀ ni Mọ́mì, rárá Mọ́mì' ni mo ń gbọ́."

Mo fẹ́ sọ pé òun náà kì í sí nílé ní àsìkò yẹn. Mi ò sọ ọ́. Òtútù ń mú mi.

Nígbà tó di oṣù Kejì, àwọn yunifásítì dá Tegan lóhùn. Ìmọ̀ oògùn ló fẹ́ kà. Newcastle ló fi sípò kìíní, wọ́n sì ní kó mú A wá nínú báyọ́lọ́jì àti B nínú méjì yòókù. Bradford ló fi sípò kejì. Tiwọn kò le tó bẹ́ẹ̀, ó sì lè máa ti ilé lọ síbẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. Newcastle ni ọkàn ọmọ náà wà. Gbogbo rẹ̀ wá dá lórí A kan ṣoṣo yẹn. Maxine ń sọ fún gbogbo ayé pé Newcastle lọmọ òun ń lọ, bí ó bá sì ku èmi àtòun nìkan, á ní, "Bradford náà kò burú, àbí?"

Ohun tó dá gbogbo rẹ̀ rú ni Ọjọ́ Àìkú Àwọn Ìyá, ọjọ́ tí ọmọ máa ń fún ìyá rẹ̀ lẹ́bùn, ní oṣù Kẹta. Ní àárọ̀ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo dé ibi iṣẹ́, mo bá Maxine tó ń bẹ káróòtì, káróòtì náà ti kéré bí ìka.

"Ìdì méjì ni, Brenda."

"Ìdì méjì kí ni?"

"Òdòdó! Àwọn òdòdó aláwọ̀ ìyeyè yẹn. Mo jí láàárọ̀ àná, mo rí ìdì méjì nínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ síńkì. Inú mi dùn, mo ní ọmọ mi ra ìdì méjì fún mi. Ó wá sọ̀kalẹ̀, ó gbé ọ̀kan fún mi, ó wé èkejì sínú bébà. Mo ní, 'Ti ta nìyẹn?' Ó ní, 'Ti Hilary.'" Ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ọjọ́ Àìkú Àwọn Ìyá! Ìyá mélòó ló bí i? Ṣé a pín ìrọbí ni?"

Ó yẹ kí n tù ú nínú. Ó yẹ kí n sọ pé ọmọ tó dúpẹ́ oore jẹ́ ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. Ẹnu mi ni mo là, mo ní, "Bó bá ṣe èmi ni, màá gba ọmọ mi padà." Ẹyin lohùn. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo rí i pé ó ti fọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ló sọ fún Tegan pé kò gbọ́dọ̀ lọ sílé Greenwood mọ́, pé òun náà ní ojú, òun ní ẹnu, òun lè bi ọmọ òun ní ìbéèrè. Ó ní Tegan kàn fèsì pé, "Ó dáa, Mọ́mì." Kò jà. Ó sọ fún Imogen àti Hilary pé òun fẹ́ dá kàwé. Maxine sọ èyí fún mi bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ.

Ní Àbámẹ́ta, àwa méjèèjì lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àlòkù nítorí àánú, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. A rí ìwé báyọ́lọ́jì méjì tó nípọn bíi bíríkì, "Síkísì Fọ́ọ̀mù" wà níwájú wọn gàdàgbà, ìbéèrè àti ìdáhùn wà nínú wọn. Àwòrán ẹ̀jẹ̀, àwòrán ewé, kò sí ohun tí kò sí níbẹ̀. Èmi ni mo gbé ọ̀kan nínú wọn délé. Ọwọ́ mi dùn mí di ọjọ́ kejì.

Maxine gba ìsinmi níbi iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìsinmi Àjíǹde títí tí ilé ìwé fi ṣí. Ó gé páálí oúnjẹ àárọ̀ sí wẹ́wẹ́, ó fi wọ́n ṣe káàdì. Lójoojúmọ́, wọ́n á kó abọ́ kúrò lórí tábìlì, òun àti Tegan á jókòó. Ó ń ka ìbéèrè jáde, ọmọ ń dáhùn. Bí orúkọ kan bá le jù fún un láti pè, àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ara rẹ̀ dá, ó ń kọrin nídìí àwo.

Ní Ẹtì tí ilé ìwé wọlé, a ń fi ìyẹ̀fun bo ẹja tí a fẹ́ dín, ó gbé ẹja kan sókè. "Brenda, ṣé o mọ̀ pé yàrá méjì péré ló wà nínú ọkàn ẹja? Tìrẹ jẹ́ mẹ́rin."

"Tìẹ ńkọ́?"

"Tèmi ti kún. Tegan ló wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin." Ó wá fi ẹja náà sínú òróró. "Ìyáàfin Ẹlẹ́pà lè máa wo fèrèsé."

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ń nu tábìlì nínú ilé oúnjẹ, tí mo rí Imogen Greenwood tó ń jẹun, tó ṣí ìwé báyọ́lọ́jì sílẹ̀. Ẹnu mi kì í gbélé, mo ní, "Ìwé tìẹ mà tín-ín-rín o. Èyí tí mo mọ̀ tó bíríkì."

Ọmọ náà gbójú sókè. Kò sí ìgbéraga kankan lára rẹ̀, kí n sọ òótọ́. "Bóyá ti àjọ mìíràn ni, Brenda. Àjọ tó ń ṣe ìdánwò pọ̀, ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ló máa ń yan tirẹ̀. Tiwa rèé." Ó fi ọwọ́ kan orúkọ kékeré kan ní igun ẹ̀yìn ìwé náà.

"Ẹni tó bá wá ka ti àjọ mìíràn ńkọ́?"

"Á ti ka ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọn kò ní bi wá, kò sì ní rí àwọn tí wọ́n máa bi wá. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà béèrè pàápàá kò jọra. Ọ̀gbẹ́ni Ramsden sọ ọ́ fún àwọn òbí nínú ìpàdé yẹn, pé kí wọ́n wo orúkọ àjọ kí wọ́n tó ra ohunkóhun." Ó wá wò mí. "Ta ló ń kà á?"

"Ọmọ àbúrò mi," ni mo wí, mo sì gbé àkísà mi sá.

Mo ronú pé kí n dákẹ́. Mi ò lè dákẹ́. Mo sọ fún Maxine nínú yàrá tí a ń kó ọ̀dùnkún sí, ó sì jókòó lórí àpò ọ̀dùnkún bí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Ó fi fóònù ránṣẹ́ sí Tegan, ọmọ náà sì yọjú sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ní wákàtí tí kò ní kíláàsì.

"Àwọn ìwé yẹn," ni Maxine wí. "Wọ́n ní kì í ṣe ti àjọ yín."

Tegan wò mí, ó wo ìyá rẹ̀. "Mo mọ̀, Mọ́mì."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ kìíní. Orúkọ wọn wà lẹ́yìn ìwé."

"O mọ̀! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! O wá jókòó tí o ń dá mi lóhùn bí aṣiwèrè? Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Torí pé ẹ jókòó."

"Kí ni?"

"Ẹ jókòó, Mọ́mì. Láti ìgbà tí Dádì ti lọ, ìdúró lẹ máa ń wà. Ẹ ń dúró jẹun, ẹ ń dúró bá mi sọ̀rọ̀, kóòtù á wà lọ́rùn yín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ máa jókòó tì mí nìyẹn. Mo rò pé bí mo bá sọ fún yín pé ìwé náà kò wúlò, ẹ máa dìde."

Maxine fi épúrọ́ọ̀nù nu imú.

"Padà sọ́dọ̀ obìnrin yẹn," ni ó wí níkẹyìn. "Ìdánwò ku oṣù kan àti ààbọ̀."

"Ọ̀dọ̀ Hilary?"

"Ṣé obìnrin mìíràn tún wà ni?"

Tegan mi orí. "Kí ni mo máa sọ fún un? Mo ti ní mo fẹ́ dá kàwé. Bí mo bá padà, á bi mí léèrè, màá sì ní láti pa irọ́ mìíràn tàbí kí n sọ ọ̀rọ̀ yín. Ẹ fi sílẹ̀. Màá ka tiwa fúnra mi."

Èmi ń wo ojú Maxine nígbà tí ọmọ náà sọ èyí. Mo rí ìtìjú níbẹ̀, mo rí ẹ̀rù. Lábẹ́ méjèèjì, mo rí i tí ojú rẹ̀ tàn fẹ́ẹ́rẹ́, torí pé Tegan kò ní padà sílé Greenwood. Ọlọ́run dárí jì í. Kò tẹnu mọ́ ọn. Ó ní, "Bí o bá ti rò ó bẹ́ẹ̀," ó sì padà sídìí àwo. Mo bá a jà lọ́jọ́ náà, mo pè é ní òmùgọ̀, mo ní kó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sílé obìnrin náà kó bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n lọ wo ẹja mi, pé ó ń jóná. Ẹja náà ń jóná lóòótọ́.

Àwọn ọmọ ṣe ìdánwò wọn. Wọ́n ní kò le, wọ́n ní ó le. Oṣù Kẹjọ dé, ọjọ́ tí èsì ń jáde dé, wọ́n sì ní kí èmi àti Maxine wá din ẹran ẹlẹ́dẹ̀ béékìn, kí a fi sáàárín búrẹ́dì fún àwọn ọmọ. Agogo mẹ́jọ, gbọ̀ngàn ti kún. Ẹni tó ń fò sókè ń fò, ẹni tó ń sunkún lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Tegan ya ápòòwé rẹ̀ lójú wa.

B. B. B.

Ọ̀gbẹ́ni Ramsden wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó kanra. "Báyọ́lọ́jì, Tegan. Máàkì méjì péré ló kù kó di A. Máàkì méjì!"

Imogen ti rí ohun tó fẹ́ gbà. Ìyá rẹ̀ fi í sílẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sáré wá sọ́dọ̀ Tegan. "Ṣé Newcastle ti kọ̀ ọ́?"

"Wọn kò tíì sọ nǹkan kan. Bradford ti gbà mí."

"Nígbà náà, pè wọ́n nísinsìnyí. Bí ó bá jẹ́ máàkì méjì, wọ́n máa ń gbà nígbà mìíràn, kí àyè tó kún. Ìwọ fúnra rẹ ló gbọ́dọ̀ pè, wọn kì í dá òbí lóhùn. Gbé fóònù rẹ."

Tegan ká bébà náà sí méjì. "Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀, Hilary. Bradford náà dáa. Màá máa ti ilé lọ. Mọ́mì kò ní dá wà."

Maxine dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àmúga béékìn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ ohun tó ń lọ nínú rẹ̀ bí ẹni pé orí mi ni. Ọdún mẹ́rin ọmọ rẹ̀ nílé. Oúnjẹ alẹ́ lórí tábìlì kan náà. Kò sí Newcastle, kò sí Hilary, ohun tó ti ń fẹ́ láti oṣù Kẹwàá ni wọ́n gbé sínú àwo fún un yìí. Kó ṣáà pa ẹnu mọ́ ni.

Hilary ṣì ń wo ọmọ náà. Ohùn rẹ̀ tún lọ sílẹ̀ sí i. "Tegan, ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni? Láti oṣù Kẹta ni mo ti ń bi ara mi. Ǹjẹ́ mo sọ ohun kan tó dùn ọ́?"

"Rárá o. Mo fẹ́ dá kàwé ni." Tegan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín wẹ́rẹ́ yẹn. "Mi ò kà á tó ni. Ẹ̀bi mi ni."

"Irọ́ ni," ni Maxine wí.

Ó sọ ọ́ sókè débi pé àwọn tó wà lórí ìlà béékìn yíjú. Ó gbé àmúga sílẹ̀, ó sì jáde látẹ̀yìn tábìlì.

"Mọ́mì, ẹ má—"

"Dákẹ́, ìwọ. O ti dákẹ́ nígbà tí kò yẹ, wá dákẹ́ nígbà tó yẹ." Ó dojú kọ Hilary. Ọrùn rẹ̀ ti pọ́n. "Ó kàwé. Ó kàwé jù. Èmi ni mo ní kó má wá sílé yín mọ́. Owú yín ni mo ń jẹ, Ìyáàfin Greenwood, ó ń jẹ mí débi pé mi ò lè gbé oúnjẹ mì. Mo jókòó tì í fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìwé àjọ mìíràn ni mo sì fi kọ́ ọ. Ó mọ̀. Kò sọ, kí ojú má baà tì mí. Máàkì méjì yẹn, èmi ni mo jẹ ẹ́."

Mo ti rò pé Hilary Greenwood á sọ̀rọ̀ dídùn kan, irú èyí tí wọ́n ń sọ. Ojú rẹ̀ le. "Oṣù márùn-ún," ni ó wí. "Mo rò pé ọmọ náà kórìíra mi ni. Ó yẹ kí n gbá ọ létí."

"Ẹ gbá mi lọ́la. Ẹ kọ́kọ́ kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ fún wọn lórí fóònù. Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bá irú àwọn èèyàn yẹn sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, Hilary."

Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa pe orúkọ rẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n lọ sí ọ̀nà àárín ilé, níbi tí ariwo kò pọ̀. Hilary kọ ohun mẹ́ta sẹ́yìn ápòòwé, Tegan gbé fóònù sétí. Orin ni wọ́n ń kọ fún un níbẹ̀, fún bí ogún ìṣẹ́jú. Èmi àti Maxine dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, béékìn sì ń tutù lẹ́yìn wa, àwọn ọmọ ń bú wa. Lẹ́yìn náà, a gbọ́ tí Tegan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó sọ orúkọ rẹ̀, ó sọ máàkì rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ òsì ṣàlàyé nínú afẹ́fẹ́. Ó dákẹ́. Ó ní, "Ẹ ṣeun." Ó tún ní, "Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni."

Ó sọ fóònù kalẹ̀. "Wọ́n gbà mí!"

Hilary ló sún mọ́ ọn jù. Òun ni ọmọ náà kọ́kọ́ dì mọ́, ó dì mọ́ ọn pinpin, ó ń sunkún sí i lọ́rùn.

"Wò ó, Brenda," ni Maxine wí. "Òun ló kọ́kọ́ dì mọ́."

"Òun ló wà nítòsí."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀."

Ó dúró, ó ń wò wọ́n. Kò yí ojú kúrò, kò sì pe ọmọ náà.